Mo Kúnlẹ̀ Kí Bàbá Mi Nínú Omi

Ṣadé, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ kí n tó gbàgbé, má sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lá àlá bàbá mi lóru àná. O mọ̀ pé ṣọ́jà orí omi ni wọ́n, wọ́n sì ja ogun Làìbéríà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé títí wọ́n fi kú, wọn kì í sùn láì kọ́kọ́ fi okùn so àga pálọ̀ mọ́ fèrèsé, kí ìgbì má baà gbé e. Ilé wa kò sì sí nítòsí omi rárá.

Lójú àlá, omi kún pálọ̀ dé àyà mi. Ọkọ̀ ogun gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì há. Bàbá mi dúró lórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ọ̀dọ́ ni wọ́n, bíi pé wọn ò tíì bí mi. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ogun ti parí. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ kí i? Mo kúnlẹ̀. Omi bò mí lórí. Mò ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, sà," ohùn mi ò jáde. Nígbà tí mo dìde, ọkọ̀ ti lọ.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe jí, ìyá mi bá mi lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ta lò ń kí?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé bàbá wálé, ibi tí mo ti ń kí wọn ni wọ́n ti tún lọ?