Ọjọ́ Ìbí Ganiyat

Ẹnu mi ni Olúdayọ̀ fi lé ọmọ ọmọ mi jáde nínú kíríkẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo sọ ọ́, mi ò lè sẹ́.

Ganiyat lorúkọ ẹ̀. Nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Ìgándò, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n gbá tó o. Wọ́n ti mú un pé kó lọ gbá a fún ìpínlẹ̀ wa l'Ábùjá. Olúdayọ̀ ni kóòṣì wọn. Ilé mi ní Bárúwà ló ti ń jẹun, ìyá ló ń pè mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan wà ní igba ọdún sẹ́yìn. Ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì títí irun orí ẹ̀ fi funfun. Orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé dòní, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i."

"Háà! Kò níyàá ni?"

"Ó níyàá. Wọn ò bi ìyá ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún Ganiyat."

Orí mi wú. Mo ní ọdún tí àgbàrá gbé afárá pákó wa lọ ni, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ fúnra mi. "Ó ti lé lógún ọdún jàre!" Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ṣe bí aago ló ń wò.

Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń ka ọdún mọ́ eré.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ Ganiyat, wọ́n ní ó ti dàgbà jù, pé ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún nìkan ló lè gbá a l'Ábùjá. Hephzibah, àbúrò ìyàwó Olúdayọ̀, ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ganiyat ń sunkún, ó ń ṣépè fún ẹni tó tú òun fó, pé Olúdayọ̀ fúnra ẹ̀ ṣáà ló kọ ọdún méjìdínlógún sínú ìwé.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí pápá. Mo bá Ganiyat níbẹ̀, ó wá dá igi tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù padà. Hephzibah náà wà níbẹ̀.

"Olúdayọ̀, ṣebí ìwọ lo kọ irọ́ yẹn!"

"Ẹ rọra o, Màmá. Ṣé kí n máa purọ́ lọ ni?"

Ó tẹ fóònù. Ohùn mi ló jáde, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń ka ọjọ́ ìbí ọmọ mi bí ẹni ń ki oríkì.

Ganiyat wò mí. "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin ni?"

"Ó tàn mí ni, ọmọ mi. Ó ní ìwé..."

Ganiyat na igi náà sí Hephzibah. "Gbà." Ó kọjá lára mi, ó gba ọ̀nà ilé lọ, kò dúró dè mí.