Amọ̀ Ìdí Kànga

Alhájì Fàsásì kò gba omi tó mọ́ gbọ́. Ẹ má sì bú u. Ó ti pẹ́ tí omi ilé-iṣẹ́ ọ̀dà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀ ti ń ṣàn gba gọ́tà àdúgbò, tó ń pupa lónìí, tó ń dúdú lọ́la. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ àti ariwo àdúgbò, etí ikún ni ilé-iṣẹ́ náà kọ sí i. Àfi lọ́dún 2013 tí omi ọ̀hún ṣàdédé mọ́ gaara.

"Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ni Alhájì wí.

Òun ni olórí ìdílé tó ni ilẹ̀ àdúgbò náà, kànga àgbàlá rẹ̀ nìkan ni omi rẹ̀ ṣì dára ní gbogbo òpópónà wọn. Inúmidùn, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi ibẹ̀ ló ń mu, òun ló fi ń wẹ ọmọ. Ohun tó ń já Alhájì láyà ni pé bóyá àwọ̀ májèlé inú omi náà nìkan ni wọ́n pa rẹ́, kó lè máa yọ́ wọ kànga òun láìsí ẹni tó máa mọ̀.

Morìnsọ́lá, ọmọge kan tí ilé-iṣẹ́ náà mú wá láti yunifásítì, ló ní òun lòun fọ omi náà mọ́.

"Amọ̀ ni, bàbá. A lọ̀ ọ́ kúnná débi tí ojú ò fi lè rí ẹyọ rẹ̀. Tá a bá dà á sínú omi ìdọ̀tí, á gbá òjé inú ọ̀dà mú, ìyẹn májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́."

"Amọ̀ tí bàbá mi fi mọlé?"

"Irú ẹ̀ náà ni, bàbá."

Alhájì wò ó látòkè délẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé iye tí wọ́n san fún ọmọ yìí láti wá parọ́ fún àgbààgbà á pọ̀.

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Láti ọjọ́ náà, Alhájì di ọlọ́pàá gọ́tà. Tó bá ti kírun tán láàárọ̀, á gbé àga lọ sẹ́bàá ibẹ̀, á bu omi sínú ìgò, á gbóòórùn rẹ̀, á tún pe Rekiat ìyàwó rẹ̀ kí òun náà wá wò ó.

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Alhájì."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn!"

Níbi tó jókòó sí yẹn ni típà ilé-iṣẹ́ náà ń gbà kọjá, tó máa ń kó ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú jáde. Òjò sì ti sọ àgbàlá Alhájì di àbàtà. L'Ájégúnlẹ̀, ta ló ń rí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀fẹ́ tí kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Táyà àti pàǹtírí làwọn ẹlòmíì fi ń dí ilẹ̀ tiwọn. Alhájì na ọ̀pá sí Sylvanus, ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà.

"Ilẹ̀ bàbá mi lo ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ìpín onílẹ̀ dà?"

"Baba, abeg, dem say make I carry am go far."

"Far níbo? Yà síbí, jàre!"

Sylvanus mọ ohun tójú táyà máa ń rí lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ó bá yà síbẹ̀. Ìdí kànga, níbi tí omi ti dúró jù, ni wọ́n da ẹrẹ̀ náà sí. Rekiat fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dán, ó dì dáadáa. Ó tilẹ̀ bù ú rẹ́ etí kànga tó ti là. Alhájì ṣe alihamudulilahi, ó padà sídìí gọ́tà rẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà pe gbogbo àdúgbò sí ìpàdé lẹ́nu géètì wọn, Alhájì ti ní ìbéèrè kan nílẹ̀ tó fẹ́ fi tú ọmọge náà fó.

"Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan kì í ṣàdédé pòórá. Òjé wà nínú omi tẹ́lẹ̀, o ní kò sí níbẹ̀ mọ́. Níbo ló lọ?"

"Ẹ bá wa bi í!" làwọn èèyàn ń pariwo. Wọ́n ń kan sáárá sí i.

Dípò kí Morìnsọ́lá bínú, ṣe ninú rẹ̀ dùn.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn, bàbá. Inú amọ̀ náà ló kó sí. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú tí ẹ máa ń rí nínú típà yẹn, gbogbo òjé náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kó o lọ sínú kòtò tá a tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí, níbi tó jìnnà sílé èèyàn. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ omi mímu. Tójò bá ń pa á, ohun tó gbá mú lè tú sílẹ̀."

Alhájì wo Sylvanus tó fara ti ọkọ̀ rẹ̀, Sylvanus ń wolẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ níbẹ̀. Tó bá panu mọ́, iyì rẹ̀ á wà níbẹ̀, wọ́n á ṣì máa ní àgbà ló bi ìbéèrè tó dé gbòǹgbò. Ìtìjú mú un, ẹ̀rù sì mú un, àmọ́ ẹ̀rù ló borí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òjò sì tún ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Àpápá.

Ó ṣí fìlà lórí.

"Morìnsọ́lá." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pe orúkọ ọmọ náà nìyẹn. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi délé. Ìdí kànga mi ni mo ní kí wọ́n dà á sí."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ká agbádá lé èjìká, ó ń sáré, Morìnsọ́lá ń sáré tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Inúmidùn ti pọn omi kànga sínú ọpọ́n, ó ti bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó fẹ́ máa wẹ̀ ẹ́. Alhájì bẹ̀rẹ̀ wo inú ọpọ́n náà. Ó fi imú gbóòórùn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nídìí gọ́tà. Omi náà mọ́ gaara, kò sì lóòórùn kankan.

Ó fi ẹsẹ̀ dà á nù.