Òjìji Ìyá Àgbà Kò Tíì Yí

Wọ́n ní ọmọ yẹn... èyí tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Akínlabí, tí kì í gbójú sókè wo èèyàn... Wọ́n ní òun gan-an ló ní kí wọ́n pa ìyá tó tọ́ ọ rẹ́ kúrò nínú... Ìyá Àgbà kẹ̀? Ìyá Àgbà náà ni, tó jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ lẹ́bàá ògiri... Ẹni tó sọ fún mi wà níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù ló wá yà, etí ẹ̀ ló fi...

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn tí oorun fi gbé Ìbíyẹmí lọ, tó gbórí lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán gangan ló lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n òru ló wà nínú ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ṣe òru náà.

Láti àárọ̀ ló ti ń bá fọ́tò kan jà. Agbo ilé Ìbíyẹmí ni wọ́n yà lọ́sàn-án, Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri níbẹ̀, ìdílé sì fẹ́ kó dà bí ẹni pé abẹ́ òṣùpá ni wọ́n ti yà á, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà ìdílé. Ìbíyẹmí ti dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù. Ó ti fa gbogbo àwọ̀ ẹ̀ sínú búlúù, ó ti kun ojú fèrèsé kan kó pọ́n bí iná àtùpà, ó sì ti yọ òṣùpá kan nínú fọ́tò mìíràn, ó gbé e sókè lápá òsì. Òjìji ló kù. Apá ọ̀tún ni oòrùn wà nígbà tí wọ́n ya fọ́tò náà, òjìji gbogbo nǹkan sì ṣubú sí òsì. Bí òṣùpá bá wà lósì, ó yẹ kí òjìji yí sí ọ̀tún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì yí ẹyọ kan tí oorun fi dé.

Nígbà tó lajú, ojúde ilé náà ló bá ara ẹ̀, nínú fọ́tò. Kò yà á lẹ́nu. Àpò ìrọ̀rí kan tí wọ́n sá sórí okùn ń sọ fún ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ẹnu ara ọmọ náà ló fi sọ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì ní òun ò dá sí i, òun ò tíì gbẹ. Ìbíyẹmí kí wọn ẹ kú alẹ́. Wọn ò dáhùn.

Àpótí Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá ògiri. Àwo ẹ̀gúsí wà níwájú ẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà kò sí níbẹ̀.

Ìbíyẹmí wo òsì, ó wo ọ̀tún. Ó bi òṣùpá bóyá ó rí i. Òṣùpá ní kí wọ́n má kó òun sí i, àlejò lòun, fọ́tò etí òkun ni wọ́n ti yọ òun wá. Ṣùgbọ́n ohun tí òun gbọ́ ni pé bí òun bá ti kan òrùlé, wọ́n á séèfù fọ́tò náà, ẹni tí kò bá sì sí nínú ẹ̀ nígbà yẹn kò tún ní sí nínú ẹ̀ mọ́ láé. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń sún mọ́ òrùlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè dúró díẹ̀?"

"Mi ò lẹ́sẹ̀ tí n ó fi dúró. Lọ sí Ọ́fíìsì Òjìji."

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè igi ìbẹ́pẹ. Okùn máòsì kọ̀ǹpútà ló rọ̀ sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀, Ìbíyẹmí sì gùn ún lọ. Àwọn òjìji tò sẹ́yìn ara wọn nínú ọ́fíìsì. Òjìji kànga ń ráhùn pé oòrùn ti lọ tipẹ́, òun ṣì nà síbi tó fi òun sí, ẹ̀yìn ti ń ro òun. Ìbíyẹmí bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀bi òun ni, ó máa tó kàn án.

Ọkùnrin ọlọ́rùn gígùn kan tó dé fìlà ni ọ̀gá ibẹ̀. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ ro ẹjọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní láti dá ẹni tí wọ́n pa rẹ́ padà kò le rárá. Kí ọmọ náà ṣáà fi ẹnu ara ẹ̀ tún ohun tó sọ sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ìbíyẹmí mọ̀ pé wọ́n bi òun ní nǹkan láàárọ̀. Ó mọ̀ pé òun dáhùn. Ohun tó fi dáhùn ni kò rántí.

Ọ̀gá dúró dè é. Bó ṣe ń dúró ni irùngbọ̀n ẹ̀ ń gùn, ìwo yọ lábẹ́ fìlà ẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Ìbíyẹmí kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Àgbà ti kọ́ ọ pé a kì í kán àgbà tó ń jẹun lójú, òbúkọ tàbí kì í ṣe òbúkọ, ó ṣáà ju òun lọ. Nígbà tí ọ̀gá jẹ tán, ó ní kí akọ̀wé gbé fáìlì mìíràn wá. Akọ̀wé ti di ewúrẹ́ ní tiẹ̀, ó sì ti jẹ tiẹ̀ tán.

Ìbíyẹmí yọjú lójú fèrèsé. Òṣùpá kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí òrùlé mọ́.

Ó fò sílẹ̀. Ẹ̀bá ògiri ló bọ́ sí, ibẹ̀ ló ti wá rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀. Òjìji Ìyá Àgbà ṣì wà nílẹ̀, ó nà sí òsì bí oòrùn ṣe fi í sílẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Kò gbórí sókè.

"Wọ́n ní o ní kí wọ́n pa mí rẹ́."

"Rárá, Ìyá."

"Kí lo wá sọ?"

Ìbíyẹmí di òjìji náà mú létí ìró, bí ẹni fẹ́ yí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sí ọ̀tún. Ó wúwo bí aṣọ òfì tí omi mu. Àwọn òjìji yòókù yọrí lókè ọ́fíìsì, wọ́n ń wò ó, ẹyọ kan kò ràn án lọ́wọ́. Ó fà á dé ìdajì. Gìgísẹ̀ kan yọ lẹ́bàá àpótí, gìgísẹ̀ tó sán, tí Ìbíyẹmí fúnra ẹ̀ máa ń fi òrí pa lọ́yẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ yọ. Etí ìró yọ. Òṣùpá kan òrùlé.

"Ọ̀rọ̀ ló kù," òjìji náà wí. "Sọ ọ́."

Ó lanu, ó sì jí.

Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ti tẹ àmì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ewúrẹ́ àdúgbò kan ti yọrí wọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹ àpò ìwé lọ, ọ̀gá ẹ̀, Bọ̀dá Akínlabí, sì di í létí mú, ó ń bú ẹni tó ni ín. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo òjìji ṣì wà lósì. Ìyá Àgbà wà lẹ́bàá ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìbíyẹmí mí kanlẹ̀.

Àfi bó ṣe gbójú sókè tó rí Ìyá Àgbà gan-an lẹ́yìn ewúrẹ́ náà. Inú oòrùn ló rìn wá. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Ìbíyẹmí, wọ́n ní o ní kí wọ́n pa mí rẹ́."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó na ìka sí fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó yí ẹsẹ̀ padà bí ẹni fẹ́ máa lọ.

Bọ̀dá Akínlabí fi etí ewúrẹ́ sílẹ̀. "Ẹ dúró, Ìyá. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá yín, tó wá ya pásípọ́ọ̀tù, ti jáde kó tó gbọ́ ìdáhùn. Èmi ni mo bi í pé ṣé kí n pa yín rẹ́ nínú fọ́tò, kí ògiri lè mọ́. Ohun tó sọ nìyí, mi ò fi ọ̀kan kún un: 'Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ta ni mo ń ṣe òṣùpá ọ̀hún fún?'"