Ikùn Ọkọ̀ Sánmà

Ọkọ̀ sánmà náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ó da ikùn sókè bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lódò. Ike ni ara rẹ̀, ike funfun tí a fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, ó jókòó tì í, ó ń wo ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ náà fẹ́lẹ́. Ọwọ́ tó mú un kò gbọ̀n. Ìwọ tó ń kà á, wò ó dáadáa: bí o bá rí ọwọ́ tí kò gbọ̀n lára ẹni tí a rẹ́ jẹ, bẹ̀rù ọwọ́ náà.

Ìbídùn ló ni ọwọ́. Ìbídùn ọmọ aláró Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, tó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì, tó sì padà wá jókòó sílé ìyá rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ kò tíì pè é. Ìbídùn náà ló ni ọkọ̀. Òun ló fi ìdérí ìgò òògùn ikọ́ ṣe ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Òun ló gé ike ìpara sí wẹ́wẹ́, tó yá a lórí iná àbẹ́là, tó fi ṣe apá. Mẹ́ta ni àwọn ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ìyá kan àti ọkọ̀ ọmọ méjì, irú ọkọ̀ tí ẹ̀dá ń lá lálàá pé yóò gbé òun ré kọjá òṣùpá, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn ju apá ọmọdé lọ.

Òun ló ṣe é. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀táyẹmí, tó kọ́ ọ ní yunifásítì. Pátákó idẹ kékeré ni, ó ń dán, ó ń fẹyín: Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀táyẹmí. Lọ́dún tí Ìbídùn ń jáde, ọkùnrin náà ní kó yá òun ní àwọn ọkọ̀ náà, kí òun fi ṣe ọ̀ṣọ́ ọ́fíìsì. Ọ̀ṣọ́ di ohun ìní. Ohun ìní di ìtàn. Ìtàn di idẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá kí Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tó fẹ́ kọ́ yàrá ìwádìí tuntun fún un. Wọn yóò pa iná gbọ̀ngàn, kí ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa tàn láti inú wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ bí a ṣe ń mú ike tàn. Ìdí nìyẹn tó fi dì wọ́n sínú páálí, tó fi wọ́n rán awakọ̀ rẹ̀ sí Ìtòkò, tó sì pe Ìbídùn lórí fóònù pẹ̀lú ohùn tó dùn bí àádùn.

"Ọmọ mi, bá mi fi iná sí wọn nínú. Orúkọ àgbà ló ń gbé iṣẹ́ ọmọdé dé ààfin, ṣó o gbọ́? Àyè olùkọ́ kan sì ń bọ̀ lẹ́ka wa. Má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé rẹ."

Má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé rẹ. Gbólóhùn yìí ni Ìbídùn fi pọ́n ọ̀bẹ.

Ó ti ṣí àwọn ọkọ̀ ọmọ méjèèjì, wọ́n ti tàn. Ọkọ̀ ìyá ló kù. Ó ti ojú ọ̀bẹ bọ oríkèé ike, níbi tí ìdajì òkè ti pàdé ìdajì ìsàlẹ̀. Kò fipá. Nígbà tó ń ṣe é, kò fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó kán an síbí, ó kán an sọ́hùn-ún, nítorí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan òun yóò ṣí i, òun yóò fi iná sí i. Ẹni tó kọ́lé ló mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ọ̀bẹ rìn, ike dáhùn: kẹ́. Ọ̀bẹ rìn, ike dáhùn: kẹ́.

Ìdí apá òsì nìkan ni kò ti dáhùn. Apá yẹn ti kán rí, lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó da gọ́ọ̀mù lé e bí ẹni ń da epo síṣu, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ojú àtàǹpàkò náà wà níbẹ̀ dòní, ó ti jẹ wọ inú ike, kò lè parẹ́ mọ́. Ìbídùn tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe sára ọkọ̀ yìí nìyẹn. Gbogbo rẹ̀. Àtàǹpàkò kan.

Àwọn kan a máa bínú bí epo inú agbada. Ìbínú tirẹ̀ kò hó, kò ta sí ẹnikẹ́ni lára. Ó tutù bí aró inú ìkòkò: kò rú èéfín, kò pariwo, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kì í jáde ní funfun. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìbínú náà, bí a bá fẹ̀sọ̀ mú un, kì í bàjẹ́.

Ó fi ọ̀bẹ rẹ́ gọ́ọ̀mù ìdí apá òsì díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ là. Ikùn rẹ̀ ṣófo, ó mọ́, ó ń dúró.

Lóde, lábẹ́ ibòòji, ìyá rẹ̀ ń ya àdìrẹ. Ó ń ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, ó ń yà á sára aṣọ funfun, ó ń kọrin sínú imú. Ó mọ ohun tó wà lórí tábìlì. Láàárọ̀ ló ti sọ tirẹ̀.

"Àyọ̀ká, ṣe é fún un, kó o gbaṣẹ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké."

"Màámi, àáké ta ni?"

"Àáké tó bá ṣáà wà nílẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ ó máa bi àáké léèrè baba tó bí i."

Ìbídùn padà sídìí tábìlì. Ní báyìí, ó ń so gílóòbù. Gílóòbù náà kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, wáyà rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí irun orí ìkókó. Ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé, òjé kán, wáyà dì. Ó tò wọ́n sẹ́yìn àwọn fèrèsé wínníwínní. Ó gbé bátìrì sí ìdí ọkọ̀. Ó pa ìdajì méjèèjì dé, ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó, ó tẹ bọ́tìnnì.

Bó ti rí lára àwọn ọkọ̀ ọmọ kó tó fi ọ̀dà kùn wọ́n nínú ló rí lára ọkọ̀ ìyá. Kì í ṣe fèrèsé nìkan ló tàn. Gbogbo ara ọkọ̀ ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí etí ọmọdé tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń jò. Ike kì í ṣe irin. Ike kò lè pa àṣírí mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọ̀dà dúdú la fi ń kun inú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú fèrèsé nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò mọ èyí. Kò sóhun tó mú un mọ̀ ọ́n.

Ìbídùn ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ibi tí dúdú bá bò, ìmọ́lẹ̀ kú. Ibi tí dúdú kò bá dé...

Búrọ́ọ̀ṣì dúró.

Ibi tí dúdú kò bá dé, ìmọ́lẹ̀ yóò sọ̀rọ̀.

Ó gbójú sókè, ó wo ìyẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń wo ìyẹ́ yẹn. Ibi tí ẹ̀kọ bá dì mọ́, aró kì í ráyè ibẹ̀. Aró a máa rò pé òun ló ni gbogbo aṣọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ ẹ̀kọ kúrò, funfun a yọjú, a ní èmi rèé, ibí ni mo wà látàárọ̀.

Ó dìde, ó jáde, ó bu ẹ̀kọ sínú ìdérí ìgò, ó mú ìyẹ́ kan. Ìyá rẹ̀ mú ìyẹ́ mìíràn, ó ń ya tirẹ̀ lọ.

Inú ìdajì òkè ló ń kọ ọ́ sí, lẹ́bàá ìdí apá òsì. Láti ọ̀tún sí òsì ló ń kọ ọ́, ó ń yí ojú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sódì, kí ẹni tó wà lóde lè kà á bó ṣe yẹ. Ìbídùn. Dò, mí, dò: ohùn kan nílẹ̀, ohùn kan lókè, ohùn kan tó padà wá fìdí múlẹ̀. Ìbídùn ló ṣe...

Òjìji bọ́ sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, aró dé e ní ìgbọ̀nwọ́. Ó wo ike. Ó wo ọmọ. Àyè olùkọ́ wà lórí tábìlì yẹn, ó sì mọ̀. Oyin inú àpáta wà níbẹ̀, ó sì ń rí i tó ń dà nù. Ó ti ìka bọ ẹ̀kọ inú ìdérí ìgò.

"Ẹ̀kọ yẹn ti ki jù," ló wí níkẹyìn. "Á là bó bá gbẹ. Bu omi sí i díẹ̀."

Ìbídùn bu omi sí i díẹ̀. Ó kọ ọ́ tán. Ẹ̀kọ gbẹ. Ó kun dúdú lé e lórí, dúdú gbẹ. Ó fi òwú tútù pa á jẹ́jẹ́, ẹ̀kọ ṣí kúrò. Ó dá iná padà síbi tó wà, ó gbé òkè lé ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ẹnu rẹ̀ ló fi gọ́ọ̀mù yí ká. Kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ pàápàá.

Nínú oòrùn, ọkọ̀ dákẹ́. Àwọ̀ eérú ni, gẹ́gẹ́ bí àná. Pátákó idẹ ń fẹyín lábẹ́ rẹ̀. Bí ìwọ náà bá gbé e yẹ̀ wò, o kò ní rí nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ gbé àdìrẹ gbígbẹ kan wọlé, ó tún un ṣẹ́ po, ó dà á bo ọmọ, ó dà á bo ọkọ̀, òun náà ki orí bọ abẹ́ rẹ̀. Òkùnkùn ṣú mọ́ wọn lórí, ó ń rùn aró.

"Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Àwọn fèrèsé là, bí ìràwọ̀ tó ń jí. Lẹ́bàá ojú àtàǹpàkò, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ike, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí funfun ṣe ń yọ lára aṣọ. Obìnrin tí kò kọjá ìwé mẹ́fà náà ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ì-bí-dùn... ló... ṣe... mí."

Ó fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kékeré kan já bọ́ lẹ́nu ìyá.

"Wọn ò ní fún ẹ níṣẹ́ yẹn mọ́ o, Àyọ̀ká."

"Mo mọ̀, Màámi."

Lóde, awakọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n ti padà dé, ó ń fun fèrè. Ọkọ̀ sánmà dùbúlẹ̀ sínú páálí láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ó da ikùn délẹ̀. Ọwọ́ tó ń dì í kò gbọ̀n.

Lọ́la, wọn yóò pa iná gbọ̀ngàn. Má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé rẹ, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Kò ní gbàgbé.