Ariwo tí Kò Dé Etí Ìyá Àgbà

Káfíńtà kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ó-tó-ìwọ̀n, torí kò sí pákó tó máa gé tí kò ní wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń mójú tó ẹ̀rọ èéfín tó kàn mọ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń ké tí èéfín bá ti gba inú ilé. Oṣooṣù ló ń gun àga lọ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ṣì já gaara. "A kì í fi iná sórí òrùlé sùn," ló máa ń wí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó yọ bátìrì àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó nu eruku ojú rẹ̀ nù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà han gooro! Ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ní pálọ̀ di etí méjèèjì. Àwọn ọmọbìnrin wọn méjì sáré jáde, òòyà ṣì há sí ọ̀kan lórí. Ajá ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí káfíńtà, nìkan ni kò mira. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń hun súwẹ́tà, ó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọmọ rẹ̀ tún un tẹ̀. Orin ni Ìyá ń bá lọ. Káfíńtà wọlé tọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn.

"Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo yẹn ni?"

"Mo ti jẹ oúnjẹ yẹn," ni Ìyá dáhùn láì wẹ̀yìn. "Iyọ̀ rẹ̀ ni kò tó."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ṣẹ́jú sí wọn kí wọ́n dákẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó rọra bi í léèrè ìgbà tí etí rẹ̀ ti di.

"Ìyàwó mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta o," ni Ìyá wí. "Ẹnu yín ni mò ń wò tí mo fi ń mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹ máa pariwo lé mi lórí bí ẹni ń pe ọkọ̀ ni."

"Ìyá mi, iná kì í dojú kọ èèyàn kó tó sọ̀rọ̀," ni ìyàwó fèsì.

"Ẹnu rẹ mú!" Ìyá rẹ́rìn-ín.

Àyà káfíńtà já. Látọjọ́ yìí, ohùn ẹ̀rọ ló ń dán wò, kò rántí béèrè etí tó ń dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ó gba ṣọ́ọ̀bù ohun èlò iná lọ. Ó ra irú ẹ̀rọ èéfín tó ní iná tó ń ṣẹ́jú, pẹ̀lú pèlébé kan tí wọ́n ń kì sábẹ́ ìrọ̀rí, tó máa ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ bá ti ké.

Wọ́n so ó tán, Ìyá ní kí wọ́n dán òun wò. Ó dùbúlẹ̀, ó dijú, ó tún hanrun èké. "Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Iná bù yẹ̀rì, ìrọ̀rí gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyá fò dìde, ìborí rẹ̀ já bọ́.

"Ta ló ń jó lábẹ́ orí mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ tún un tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!" Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń ro gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà, Ìyá gba iṣẹ́ dídán ẹ̀rọ wò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Tí oṣù bá ti lé, á fi igi ìgbálẹ̀ gígùn tẹ bọ́tìnnì, á lọ dúró síta. Ẹni tó bá kẹ́yìn jáde ló máa fọ abọ́ ọjọ́ náà. Lóṣù tó kọjá, inú balùwẹ̀ ni ariwo ẹ̀rọ ti ká káfíńtà mọ́. Tówẹ̀lì ló ró jáde, ọṣẹ bo orí rẹ̀, àwọn ará ilé kejì ń wò ó lójú fèrèsé.

"Màámi, ẹ ṣàánú mi!"

"Abọ́ ń dúró dè ọ́, ọmọ mi," ni Ìyá wí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ ṣan ọṣẹ yẹn ná."