Àyè Inú Irin

Ọdúnlámì ló gun kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lọ sódò láìtọrọ, òun ló fi kọlu igi ọ̀pẹ tí rímù fi ká kò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣe é, Àríyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló nawọ́ sí. Wọ́n na Àríyọ̀ lójú gbogbo ilé-ìwé. Ọmọ náà gbé síléètì rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì padà mọ́. Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti pe òun lólè, òun kì í padà síbẹ̀.

Ó kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ó fẹ́ Dora, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú rẹ̀. Dora a máa sọ pé ìbínú ọkọ òun dà bí púpurú, ìṣù gbágùúdá tí wọ́n ń yan lórí àjà: bó bá ṣe ń rí èéfín ló ń le sí i. Ẹgbẹ́ ni Àríyọ̀ àti Ọdúnlámì, Àyèká ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, síbẹ̀ láti ọjọ́ ẹgba yẹn, "ẹ" ni Àríyọ̀ ń pè é, bí ẹni ń kí àjèjì. Ọdúnlámì ti gbé ẹmu wá bẹ̀ ẹ́ rí, ó ní, "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú." Àríyọ̀ ní, "Ẹ gbé ẹmu yín, sà. N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Bí." Àfi kí Ọdúnlámì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ní ọdún 1996, Ọdúnlámì, tó ti di olùkọ́ àgbà ní Àkúrẹ́, wa mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Àríyọ̀ ní Òkìtìpupa. Dókítà ti ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ra irin agbékẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń tì bọ ihò irin ìdí mọ́tò, níbi tí wọ́n ń so ohun tí mọ́tò bá ń wọ́ mọ́. Láti Òde-Ìrèlè ni irin náà ti ń pariwo gbàgà-gbàgà.

"Àríyọ̀, gbà mí! Etí mi ti fẹ́ di."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí ni ká bá yín ṣe?"

"Ta lò ń pè ní sà? Ṣé èmi méjì lo rí ni?"

"Oníbàárà lẹ jẹ́, sà."

Ó mi irin náà wò. Irin tó wà nínú kéré sí ihò tó wọ̀. Àyè àárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èékánná.

"N óò jó méjèèjì pọ̀, ó parí."

"Tó o bá jó wọn pọ̀, báwo ni n óò ṣe máa yọ ọ́? Ṣé n óò máa wọ́ ìrù kiri ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Àríyọ̀. Ó gbé e mì. Ó gé rọ́bà tíúbù, ó fi wé irin náà, ó tì í padà. Ariwo rọlẹ̀, ṣùgbọ́n irin ṣì ń mì. Ọdúnlámì ní bí bóòtù bá lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tó ti irin inú mọ́ ògiri ihò, kò ní rí àyè mì mọ́. Àríyọ̀ ní rárá. Ó wé rọ́bà sí i. Irin kò wọ ihò mọ́. Ó wo ojú ọ̀run, ó tú rọ́bà kejì, ó gbé dírìlì. Ó lu ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ó jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, ó wá bóòtù tó bá a mu.

"Ẹ gbé irin yín wá, sà, kẹ́ ẹ tì í wọlé."

Ọwọ́ Ọdúnlámì kan ibi tó ṣì gbóná. Irin já bọ́.

"Ọdún! Yọ ẹsẹ̀ rẹ! Ṣé orí ẹ ò pé ni?"

Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti kúnlẹ̀, ó ń tú bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Ọdúnlámì kò wo ẹsẹ̀. Àríyọ̀ ló ń wò.

"O pè mí ní Ọdún."

"N kò pe ẹnì kankan."

"O ní orí mi ò pé."

"Kò pé náà!"

Wọ́n jọ gbé irin náà padà. Ọdúnlámì gbé e sókè díẹ̀, Àríyọ̀ fi sípánà fún bóòtù títí ó fi le. Ó di irin mú, ó mì í tagbára-tagbára. Mọ́tò fúnra rẹ̀ ló mì. Irin kò dún.

Àríyọ̀ fẹ́ dìde. Ọdúnlámì gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Èmi ni mo gun kẹ̀kẹ́ ọ̀gá, Àríyọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí Dora fi yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ̀rù ẹgba ló bà mí, mo parọ́ mọ́ ọ."