Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ewé

Ọdún tí ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni Ṣéhù ọmọ mi gbé Sàfúrátù níyàwó láti Ọ̀tan. Ọmọbìnrin náà mọ iṣẹ́, àmọ́ kò ní sùúrù rárá. Tí a bá se irú, tí a fọ̀ ọ́, tí a fi ewé bò ó sínú apẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Sàfúrátù á ti ṣí i wò. Ooru rẹ̀ á jáde, a ó sì da irú náà nù. Màá wá sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ìyàwó, ohun tó wà lábẹ́ ewé, Ọlọ́run ló ń ṣe é. Bò ó padà."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

Nígbà tó di oṣù kẹrin tó wọlé, ó fi irú kan sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Irú náà dára. N ò sọ fún un.

Láàárọ̀ Jímọ̀, bí mo ṣe ń ṣe ní gbogbo Jímọ̀ látìgbà tó ti wọlé, mo wo ikùn rẹ̀, mo bi í pé ṣé kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ìyá, ẹ dákun," ó ní, "ẹ bò ó padà."